Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́: Ọmọ mi mọ̀wé, kí ló dé tí máàkì rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, JAMB ló sì kún inú wọn. Mẹ́ta ni mo mú. Èyí àkọ́kọ́ ni màá jókòó tì jù, nítorí pé irú ọmọ tí bàbá yìí kọ̀wé nípa rẹ̀ ni mo rí jù láàárín ọdún 31 tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Kẹ́mísìrì nílẹ̀ Èkìtì kí n tó fẹ̀yìn tì.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Ìyá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí n'Íkòlé-Èkìtì, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 17, ó wà ní SS3. Láti JSS1 ló ti ń gba ipò kìíní, kò tíì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ dókítà ló fẹ́ ṣe, Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ló sì ń dárúkọ. Fóònù mi ló fi ń dánra wò fún JAMB. Lóṣù tó kọjá, mo sanwó kí ó lọ ṣe ìdánrawò nílé kọ̀ǹpútà kan, 235 ló mú wálé: Gẹ̀ẹ́sì 50, Báyọ́lọ́jì 70, Kẹ́mísìrì 60, Físíìsì 55. Ó ní nígbà tí àkókò pé, ó ku ìbéèrè 14 tí òun kò tíì fojú kàn nínú Físíìsì. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní òun kò mọ̀wé mọ́. Ẹnì kan ní kí n mú un lọ sí lẹ́sìnnì ńlá kan l'Ádó, owó rẹ̀ ju ohun tí mò ń rí lóṣù méjì lọ. Ẹlòmíràn ní òun mọ ibi tí wọ́n ti lè "ràn án lọ́wọ́" lọ́jọ́ ìdánwò. Èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Kí ni mo lè ṣe fún ọmọ yìí?
Bàbá kan, Ìkòlé-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àníyàn ọmọ. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kí a jọ padà sí, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ ní àkókò pé nígbà tó ku ìbéèrè 14 tí ọmọ kò tíì fojú kàn. Ìbéèrè 40 ni Físíìsì ní. Ẹni tó gba 55 nínú 100, 22 ló gbà nínú 40 yẹn. Ẹ wá yọ 14 kúrò nínú 40, ó ku 26. Ọmọ tó dáhùn ìbéèrè 26 tó gba 22, tó jẹ́ pé mẹ́rin péré ló ṣì! Bàbá, ọmọ yín mọ Físíìsì. Ẹ pè é, kí ẹ ṣe ìṣirò yìí níwájú rẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹkún ọjọ́ yẹn tó.

Ohun tí kò tíì mọ̀ ni ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Ìbéèrè 180 ni JAMB ń gbé síwájú ọmọ: 60 ní Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Kí ẹ tó na tépù sórí pákó kan kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ìṣẹ́jú àáyá 40 ti lọ. WAEC tí wọ́n ń kọ́ ọ fún nílé ẹ̀kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò WAEC, ẹni tó kọ ìlànà, tó to iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, yóò rí máàkì díẹ̀ gbà bí ìdáhùn ìparí bá tilẹ̀ yẹ̀. JAMB kì í wo iṣẹ́. A, B, C tàbí D ni, ó parí. Ọmọ tó mọ̀wé gan-an ló sì máa ń fẹ́ to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, torí ohun tí a fi ń yìn ín láti JSS1 nìyẹn.

Mo ní ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi nígbà tí a ṣì ń fi pẹ́ńsù kun àpótí kéékèèké lórí bébà, kí JAMB tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà ní 2013, tó sì di kọ̀ǹpútà nìkan ní 2015. Kò sí ẹni tó tó o nínú Kẹ́mísìrì. Òun ló ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó jáde nínú gbọ̀ngàn, ojú rẹ̀ pọ́n kuku. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bá jìjàkadì fún ìṣẹ́jú 11. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi í sílẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí á má fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí." Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó lo ọdún kan gbáko sí i nílé kó tó wọlé, mi ò sì lè gbàgbé ojú ìyá rẹ̀ nígbà tó wá sọ fún mi. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó mọ̀wé ní ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kọ́ wọn: bí a ṣe ń fi ìbéèrè sílẹ̀ ká sì máa lọ.

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin bàbá lè ṣe nìyí, kò gba Gẹ̀ẹ́sì kankan lọ́wọ́ yín. Ẹ fi aago fóònù yín sí ìṣẹ́jú 35. Ní alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jókòó tì í kí ó gbé ìbéèrè Físíìsì ọdún kan síwájú, gbogbo 40. Ó gbọ́dọ̀ fojú kan gbogbo wọn kí aago tó dún. Èyí tó bá ṣí lójú ẹsẹ̀, kí ó mú un. Èyí tó bá ń lọ́ra, kí ó yan lẹ́tà tó bá sún mọ́ ọn jù, kí ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé, kí ó kọjá. Bí àkókò bá ṣẹ́kù, nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni yóò padà sí. JAMB kì í yọ máàkì ẹni nítorí ìdáhùn tó kùnà, nítorí náà kò sídìí tí ìbéèrè kankan fi gbọ́dọ̀ wà lófo. Ìbéèrè 14 tí ọmọ yín fi sílẹ̀ yẹn, bó bá jẹ́ pé ó kàn di ojú mú lẹ́tà kan fún gbogbo wọn, ó ṣeé ṣe kí ó rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín o. Yóò dùn ún. Ọmọ tí kò fi nǹkan sílẹ̀ rí láyé rẹ̀, ìbéèrè tó fi sílẹ̀ yóò máa pè é padà. Máàkì rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá. Ẹ má bá a wí, ẹ má sì dá aago dúró fún un bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ óò rí i pé ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Ní ti ètò wákàtí méjì yẹn, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ Sáyẹ́ǹsì ni pé kí wọ́n fi Báyọ́lọ́jì ṣáájú, ìṣẹ́jú 18, torí Báyọ́lọ́jì kò ní ìṣirò púpọ̀: o mọ̀ ọ́n tàbí o kò mọ̀ ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì 30, Kẹ́mísìrì 30, Físíìsì 35. Ìyẹn jẹ́ 113. Ìṣẹ́jú méje tó kù jẹ́ ti àwọn nọ́ńbà tó kọ sórí ìwé. Kọ̀ǹpútà gba kí ọmọ ti inú iṣẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn bó ṣe wù ú, kò pọn dandan kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì.

Nísinsin yìí, ìbéèrè mẹ́rin tó ṣì ńkọ́? Ibí ni mo ti fẹ́ kí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ka ìwé yìí. Ọmọ mi, wo ìbéèrè yìí. Òkúta kan já bọ́ láti orí ilé gíga tó jẹ́ mítà 45. Bí a bá mú g, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan, ní 10, ìṣẹ́jú àáyá mélòó, ìyẹn t, ni yóò fi délẹ̀? O mọ̀ ọ́n: gíga jẹ́ ìdajì g lọ́nà t lọ́nà t, 45 jẹ́ 5 lọ́nà t lọ́nà t, ohun tí a bá fi 5 pín 45 sí jẹ́ 9, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 3. Ìdáhùn ni 3. Ṣùgbọ́n wo àwọn lẹ́tà tí olùṣètò ìdánwò máa ń tò kalẹ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: 3 wà níbẹ̀, 9 wà níbẹ̀ fún ẹni tó gbàgbé láti wá gbòǹgbò, 4.5 wà níbẹ̀ fún ẹni tó kàn fi 10 pín 45. Wọn kì í ju lẹ́tà síbẹ̀ lásán. Àṣìṣe tí ìwọ yóò ṣe, wọ́n ti ṣe é ṣáájú rẹ, wọ́n sì ti gbé e sábẹ́ B dè ọ́. Ọmọ tí kò mọ̀wé kò ní rí 9 rárá láti mú. Ìwọ tó mọ̀wé tó ń kánjú ni wọ́n dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún. Nítorí náà, bí ìdáhùn rẹ bá wà lára àwọn lẹ́tà, ìyẹn kò tíì sọ pé o gbà á. Kí o tó tẹ̀ ẹ́, padà ka gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè: kí ni wọ́n ní kí o wá gan-an? Ṣé àkókò ni, àbí eré tó ń sá nígbà tó délẹ̀? Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nìyẹn yóò gbà.

Bàbá, ẹ ra ìwé kékeré kan fún un, ti olójú ewé 40 tó. Kí ó fa ìlà sí i kí ó di ọ̀nà mẹ́ta. Gbogbo ìbéèrè tó bá kùnà, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni yóò bọ́ sí: "n kò mọ̀ ọ́n", "mo mọ̀ ọ́n, mo kánjú", "mo mọ̀ ọ́n, àkókò ni kò tó". Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ̀yin bàbá ka iye tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíkà lásán ni, ẹ lè ṣe é. Èyí tó wà lábẹ́ "n kò mọ̀ ọ́n" nìkan ló nílò olùkọ́. Mo fi èyí dán wò lára ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba ipò kìíní, ohun tó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu ni pé apá yẹn ló máa ń kéré jù. Oṣù mélòó ni wọ́n ti ń ka ìwé sí i, ìwé sí i, nígbà tó jẹ́ pé ibòmíràn ni máàkì ti ń jò!

Mo wá dé orí Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni mo ti máa pariwo díẹ̀. Àwọn ọmọ Sáyẹ́ǹsì wa máa ń fojú di Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ 100 ló gbé nínú 400, bíi ti Físíìsì, kò sì sí ìṣirò kan nínú rẹ̀. Láti 50 dé 70 nínú Gẹ̀ẹ́sì rọrùn ju láti 70 dé 90 nínú Báyọ́lọ́jì lọ. Kí ó ka ìwé ìtàn tí JAMB yàn fún ọdún náà ní àkàtúnkà, kì í ṣe àkópọ̀ tí wọ́n ń tà létí títì, ìwé náà gan-an. Kí ó máa ka àyọkà kan lójúmọ́, kí ó sì máa ka àwọn ìbéèrè rẹ̀ kí ó tó ka àyọkà náà.

Apá tó ń dá lórí ìró ọ̀rọ̀ ló ń fa àwa ọmọ Yorùbá sẹ́yìn jù, àwọn olùkọ́ wa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ. Èdè wa kò ní v, kò ní z, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í fi ẹnu ya leave sọ́tọ̀ kúrò lára live. Ẹni tó bá ń fi bó ṣe ń pè é dáhùn yóò kùnà. Ṣùgbọ́n a ní ohun tí àwọn mìíràn kò ní. Etí tó gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, etí tó já fáfá ni. Bí àwa ará Èkìtì bá wà nílé, ulé ni a ń wí, uṣu ni a ń gbìn. Bí a bá dé iwájú àlejò, ilé ni, iṣu ni. A ti mọ̀ láti kékeré pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ìró méjì. Ohun tó kù ni kí ọmọ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í lo àmì ohùn bíi tiwa, ṣe ló máa ń tẹ ohùn mọ́ ibì kan nínú ọ̀rọ̀. Record tó jẹ́ orúkọ, iwájú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Record tó jẹ́ ìṣe, ẹ̀yìn ni. Kí ó máa wo bí ìwé atúmọ̀ ṣe fi àmì sí ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́, kí ó máa pè wọ́n sókè. Ẹ̀yin bàbá ẹ máa gbọ́, kí ẹ máa sọ fún un ibi tí ẹ ti gbọ́ pé ó tẹ ohùn. Etí yín ni mo ń tọrọ.

Fóònù tó fi ń dánra wò kò burú fún ojoojúmọ́, àmọ́ àtàǹpàkò ló ń lò níbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, máòsì ni àti bọ́tìnnì. Ó wà lára ohun tó jẹ àkókò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó dá mi lójú. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni JAMB nílò: A, B, C, D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti sọ pé ó ti parí pátápátá, R láti yí ìpinnu yẹn padà. Ọmọ tó bá mọ mẹ́jọ yìí kò nílò máòsì rárá. Kí ó sì jìnnà sí S títí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ẹ wá ibi tí yóò ti máa lo kọ̀ǹpútà gidi ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, wákàtí méjì gbáko, láìdìde. Ẹ̀rọ ìṣirò náà wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ó fi ìyẹn kọ́ra, torí wọn kò ní jẹ́ kí ó mú tirẹ̀ wọlé.

Lẹ́sìnnì ńlá yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Yóò jókòó láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ, wọn yóò máa kọ́ ọ ní ohun tó ti mọ̀. Àwọn àkòrí tó bá wà lábẹ́ "n kò mọ̀ ọ́n", ẹ bá àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ni ní Físíìsì nítòsí yín sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì ni, wọ́n rántí ìdánwò yìí dáadáa, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ yóò sì tó.

Ẹni tó ní òun yóò "ràn án lọ́wọ́" lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá ọmọ mọ̀ kó tó wọlé, wọ́n sì máa ń fagi lé èsì àwọn tí ọwọ́ bá tẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé, tó lè gba 290 fúnra rẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ lọ sanwó fún ẹ̀sípò, tí èsì náà kò sì jáde mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí ọmọ náà sọ: "Mọ́mì mi kò gbà pé mo lè ṣe é." Bàbá, ọmọ yín ti sọ pé òun kò mọ̀wé mọ́. Bí ẹ bá sanwó yẹn, ẹ ti bá a fọwọ́ sí i.

Ó ku ohun kan. Ní Ìbàdàn, wọ́n máa ń fi mẹ́jọ pín máàkì JAMB, kí 400 lè di 50. Ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe ló gba 50 yòókù. N'Ífẹ̀, JAMB gba 50, ìdánwò tiwọn gba 40, èsì WAEC gba 10. Ẹ rí i pé máàkì mẹ́jọ nínú JAMB kò ju máàkì kan lọ níbẹ̀. Nítorí náà bí ọmọ bá mú 290 wálé tó ń sunkún pé kì í ṣe 300, ẹ pa á lẹ́nu mọ́, kí ó lọ múra ìdánwò kejì. Àti WAEC: ní 2025, ọjọ́ kan náà ni WAEC àti JAMB bẹ̀rẹ̀, 24 oṣù kẹrin. Kò sí Ìṣirò nínú iṣẹ́ JAMB ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, àwọn ọmọ sì máa ń pa á tì nítorí ìyẹn, wọn a wá rí i pé láìsí kírẹ́díìtì Ìṣirò nínú WAEC, 300 kò wúlò. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ nílé yín. Kí ó sì rántí pé EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì wa, náà ń kọ́ dókítà l'Ádó níbí.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 15 ni mí, Ìjerò-Èkìtì ni mo ń gbé. Wọ́n fò mí ní kíláàsì méjì ní pírámárì. Àwọn olùkọ́ mi ní mo lè ṣe JAMB lọ́dún yìí, bàbá mi ní kí n dúró. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.
Ọmọkùnrin kan, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, bàbá rẹ ni mo gbè. Ọdún 16 ni ọjọ́ orí tó kéré jù fún ẹni tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lóòótọ́, ní 2025 JAMB ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé 16 tí orí wọn pé jù, ṣùgbọ́n 320 nínú 400 ni wọ́n ní kí irú wọn gbà kí wọ́n tó lè wò ó rárá, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì tún yẹ WAEC àti ìdánwò mìíràn wò fínnífínní. Àwọn tó gba ọ̀nà náà já kò tó nǹkan.

Mi ò sọ pé o kò lè gba 320. Ohun tí mò ń wí ni pé ọdún kan kì í ṣe àdánù fún ọmọ ọdún 15. Fi kọ́ kọ̀ǹpútà títí ìka rẹ yóò fi mọ ọ̀nà láìwo bọ́tìnnì. Ka ìwé ìtàn, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, kì í ṣe ti ìdánwò. Bí ẹ bá ní oko, bá bàbá rẹ lọ. Mo kọ́ ọmọ mẹ́ta tó wọ yunifásítì kí wọ́n tó pé 16, nígbà tí kò tíì sí òfin tó le báyìí. Méjì nínú wọn sọ fún mi nígbà tí wọ́n dàgbà pé ọdún àkọ́kọ́ yẹn, àwọn kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

LẸ́TÀ KẸTA

Ìyá Olùkọ́, ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ mi tó mọ̀wé jù nínú mẹ́rin ni yóò ṣe JAMB, Adó ni wọ́n sì gbé e sí, aago méje àárọ̀ ni wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, Ìdó-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ìyá, ẹ kú ọjà. Ààwẹ̀ dára, àdúrà dára, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin gbà á fún un. Ọpọlọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ̀yin tí ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ yín, kí lẹ tún ń wá? Ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín, ó tó. Ẹ má gún iyán fún un láàárọ̀ yẹn o, mo mọ̀ wá ní Èkìtì, oorun ni yóò fi dáhùn Físíìsì.

Ẹ má dúró de ọkọ̀ àárọ̀. Kí ó lọ sùn l'Ádó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nílé ẹ̀gbọ́n tàbí ará ìjọ yín, kí ó sì ti rìn dé ibi ìdánwò náà ní ìrọ̀lẹ́ láti mọ ẹnu ọ̀nà. Lálẹ́ yẹn, kí ó pa ìwé dé ní aago mẹ́jọ. Ohun tó bá kà lẹ́yìn aago mẹ́jọ kò ní fún un ní máàkì kan, àárẹ̀ nìkan ni yóò fún un.

Ìwé tó tẹ̀ jáde, tí wọ́n kọ ibi àti aago ìdánwò rẹ̀ sí, ni kí ó mú dání àti pẹ́ńsù. Wọn kì í gba fóònù wọlé, wọn kì í gba aago ọwọ́, bírò tàbí káàdì báńkì; kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yóò máa fi àkókò tó kù hàn án. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kí epo tàbí àtíkè má ṣe wà ní ìka rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi dá a mọ̀. Owó ọkọ̀ tí yóò fi padà sí Ìdó, kí ó jẹ́ kéṣì nínú àpò rẹ̀. Bí ẹ bá lè tẹ̀ lé e, ẹ dúró síta kí ẹ bá a di fóònù rẹ̀ mú. Bó bá sì jáde, ẹ má bi í pé báwo ni ó ti rí. Ẹ kọ́kọ́ fún un lómi mu.